Ọmọ Tí Ilé Tọ́: Ṣé Ó Lè Sọ Òótọ́ fún Ilé?

 

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá dáfá lóde òní, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń gbé wọn wá. Lẹ́yìn tí Ifá bá ti sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ pé: “Bàbá, ṣé kí n dúró síbi tí mo wà ni, àbí kí n wá ibòmíràn lọ?” Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìṣirò owó ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká lára jù, torí pé àtẹ̀gùn tiwọn gùn. Wọ́n á ní ọ̀gá sọ pé kí àwọn ní sùúrù, pé ilé náà ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, pé ẹni tó bá dúró á di ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Ṣé òótọ́ ni? Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níwájú ìyẹn, òun ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí: tí ilé kan bá tọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó jẹ́ pé òun ló fún ọ ní gbogbo ohun tí o ní, ṣé wàá ṣì lè wo ojú ilé náà kí o sọ pé “rárá”?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àtẹ̀gùn náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka àpò ọjà ní sítóò oníbàárà, kó máa fi rìsíìtì wé ìwé báńkì, kó máa to náńbà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá délé, ìwé ìdánwò ICAN ló máa ṣí. Nígbà tó bá yá, á di síníọ̀, á ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á di máníjà. Bí orí bá sì tì í lẹ́yìn, á di pátínà, ìyẹn ni pé òun náà á di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé, tí wọ́n ń pín èrè, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé. Ó sábà máa ń gbà ju ọdún 10 lọ.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwa awo. Ọmọ awo á gbálẹ̀, á já ewé, á gbé àpò olúwo tẹ̀ lé e lọ sóde. Á kọ́ bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń ṣubú, á mọ ojú odù 16, á wá mọ ọmọ odù 240 tó tẹ̀ lé wọn, tí gbogbo rẹ̀ á fi jẹ́ 256. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ wọn, kò sí ẹni tó kà wọ́n tán. Kò sẹ́ni tó lè fi oṣù mẹ́fà rà á lọ́jà. Nítorí náà, ẹ má retí kí n bú ẹni tó ní sùúrù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ní ilẹ̀ tiwa pàápàá, ọ̀nà yìí ṣe wá lóore. Akíntọ́lá Williams di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè chartered accountant, ní 1949. Ní 1952 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló gba ọjà kan. Ilé-iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò lè dàgbà nígbà náà láì tọ́ ọmọ onílẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ICAN sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pé ọdún 104 kó tó papòdà ní 2023. Ọ̀pọ̀ akáńtáǹtì tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí lónìí, ojú ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀. Torí náà, títọ́ ọmọ nínú ilé dára. Kí ni ilé ń tọ́ sínú ọmọ ọ̀hún? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìtàn kan wà tó jẹ́ ti gidi, tí kò sì tíì pẹ́. Ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arthur Andersen. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún tó fi di òrukàn. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́, títí ó fi di akáńtáǹtì. Ní 1913, òun àti ẹnì kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nínú ilé náà ni pé, kò pẹ́ tí wọ́n ṣílé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan ní dandan, kí Andersen fọwọ́ sí ìwé owó kan tó fi èrè hàn ju bó ṣe rí lọ. Owó tí Andersen máa san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gan-an ń wọ́n lásìkò yẹn. Síbẹ̀ ó kọ̀. Oníbàárà náà bá tirẹ̀ lọ. Àìpẹ́ sí i, ilé-iṣẹ́ rélùwéè náà wọ gbèsè, kò lè gbérí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Andersen ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í níyì.

Ilé yẹn ló wá di ọ̀gá nínú títọ́ ọmọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á kọ́ wọn fúnra wọn. Wọ́n ní ọgbà ẹ̀kọ́ ńlá kan ní St. Charles, nítòsí Chicago, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi wá síbẹ̀ wá kọ́ ọ̀nà kan náà. Ó débi pé àwọn ará ìta ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n, kì í ṣe ènìyàn, torí pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń ronú. Leonard Spacek wọlé ní 1928. Nígbà tí Andersen kú ní 1947, òun ló di olórí. Ọmọ inú ilé ni, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò wọlẹ̀: ní gbangba ló ti máa ń bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé òfin iṣẹ́ àwọn dẹ̀ jù, pé oníbàárà ń fi ṣe bó ṣe wù ú.

Àtẹ̀gùn kan náà ni David Duncan gùn. Ó wọlé ní 1981 lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì Texas A&M. Ó di pátínà ní 1995. Ní 1997 wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń yẹ ìwé owó Enron wò, ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì ńlá kan ní Houston. Ẹ ò rí i? Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ṣe ló ṣe. Ó dúró, ó ṣiṣẹ́, ó gòkè.

Àmọ́ Enron ń fi gbèsè pamọ́. Gbèsè tó yẹ kó hàn nínú ìwé rẹ̀, wọ́n á gbé e sí orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí kì í ṣe èrè, wọ́n á pè é lérè. Andersen sì ń fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2000 nìkan, mílíọ̀nù 52 dọ́là ni Enron san fún Andersen. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 25 jẹ́ ti yíyẹ ìwé wò, mílíọ̀nù 27 tó kù jẹ́ ti ìmọ̀ràn àti iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wò ó dáadáa: owó tó ń wọlé fún pé kí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ oníbàárà ju owó tó ń wọlé fún pé kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí lọ.

Ẹnì kan sọ rárá. Carl Bass ni orúkọ rẹ̀, pátínà lòun náà, ó wà ní ẹ̀ka tí àwọn yòókù máa ń lọ bi tí ìṣirò kan bá ta kókó. Ó ta ko díẹ̀ nínú ohun tí Enron ń ṣe. Inú Enron kò dùn, wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Andersen. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, ilé tó yẹ kó gbè é lẹ́yìn yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ Enron. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni dúró sáyè rẹ̀. Ẹni tó sọ rárá ni wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Ní ìparí 2001, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Enron, àwọn èèyàn Andersen ní Houston ń ya ìwé Enron sí wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Enron kéde pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2002, Andersen lé Duncan, ọmọ tí wọ́n tọ́. Ní oṣù Kẹfà, ilé-ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà máa fi fagi lé ìdájọ́ yẹn ní 2005, kò sí ilé mọ́. Òṣìṣẹ́ bí 85,000 káàkiri ayé ló ti fọ́n ká. Èkó náà ní ẹ̀ka Andersen tirẹ̀, tó kún fún ọmọ wa tó mọṣẹ́. Ní 2002 ni ẹ̀ka ọ̀hún di ara KPMG. Ẹni tí kò fojú kan Houston rí, Houston gba orúkọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ odù, ó dá mi lójú pé ọkàn yín ti ń lọ sí Ìká Òfún. Níbẹ̀ ni Ifá ti kìlọ̀ fún àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. Mi ò ní kì í fún yín lónìí, ẹ lọ bá olúwo yín. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé, ìkìlọ̀ tó wà níwájú pátápátá ni pé kí àgbà má fi orúkọ ohun kan pe òmíràn, kó má pe ohun tí kò mọ̀ ní ohun tó mọ̀. Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí ìyẹn fi ṣáájú olè, tó ṣáájú ọ̀dàlẹ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó bá ti yí orúkọ nǹkan padà, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yòókù á rọrùn fún un. Tó o bá ti lè pe gbèsè ní èrè, o ò ní mọ̀ mọ́ pé olè lò ń jà. Enron ò fi ìbọn gba owó ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni wọ́n yí.

Ẹ rántí ìparí ìtàn odù yẹn náà. Àwọn àgbà kò pa ìkìlọ̀ mọ́, wọ́n ń kú, wọ́n wá ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, òfin tí wọ́n gbà tí wọn ò pa mọ́ ló ń pa wọ́n. Àgbà ni Ifá bá wí níbẹ̀, kò bá ọmọdé wí. Nítorí àgbà tó bá fi orúkọ ohun kan pe òmíràn, gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú iyàrá ìdáfá. Ọ́dítọ̀ àti babaláwo, ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra: ẹni tí wọ́n máa sọ òótọ́ fún ni ẹni tó máa sanwó fún wọn. Báwo ni àwọn baba wa ṣe bójú tó o? Àkọ́kọ́, ẹni tó wá dáfá kì í sọ ohun tó bá wá fún awo. Owó ló máa ń sọ ọ́ sí lára ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á gbé e sílẹ̀. Awo á dá Ifá láì mọ ohun tí ojú oníbàárà ń wá. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ohun tó dùn mọ́ ọn nígbà tí o kò mọ ohun tó fẹ́ gbọ́? Duncan mọ ohun tí Enron fẹ́ gbọ́, kódà kó tó jókòó.

Èkejì, ojú gbogbo èèyàn ni. Tí awo bá gbá ikin 16, tí ẹyọ kan bá kù, á tẹ ojú méjì sórí ìyẹ̀rosùn. Tí méjì bá kù, á tẹ ẹyọ kan. Ọmọ awo tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ń wò ó. Tó bá jẹ́ Ìrosùn Méjì ló hù, tí olúwo sì ń ki Ọ̀wọ́nrín, ọmọ kékeré tó mọ ojú odù ti mọ̀. Níbi tí awo bá sì ti pé jọ, ẹni tó bá ki ẹsẹ ní àkìdà, wọ́n á dá a dúró, bó ti wù kó dàgbà tó. Ìtìjú ni fún ẹni tó ṣì í. Kò sí ìtìjú fún ẹni tó tún un ṣe. Ṣé ẹ wá rí i? Àwa náà ń tọ́ ọmọ nínú ilé, a sì ń béèrè sùúrù lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ọmọ tí a tọ́ dáadáa la fi ń ṣe ẹlẹ́rìí lé olúwo lórí. Awo tó bá yí odù nítorí olówó, ó ti ba ohun tí owó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹnì kan á ní, “Ìwà àìmoore kọ́ nìyẹn? Ilé tó kọ́ mi, tó sanwó ìdánwò mi, tó sọ mí dèèyàn, kí n wá dìde ta kò ó?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Yorùbá kò fẹ́ràn aláìmoore. Àmọ́ oore wo gan-an ni ilé ṣe fún ọ? Tó bá jẹ́ pé ó kọ́ ọ níṣẹ́, iṣẹ́ yẹn ni o fi máa san án padà. Iṣẹ́ yẹn náà sì ni pé kí o rí ohun tó wà nínú ìwé, kí o pè é lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọmọ lójú títí ó fi ń ríran, tó wá ní kí ọmọ dijú, òun fúnra rẹ̀ ló ń ba oore tó ṣe jẹ́. Ká ní Andersen gbọ́ ti Bass ní 2001, ta ni ì bá jẹ́ olóore ilé náà jù lọ nínú Bass àti Duncan? Ẹni tó sọ rárá ló fẹ́ kí ilé wà.

Ilé náà ní gbèsè tirẹ̀. Ìṣirò owó fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé ojú méjì ni ìwé ní: ohun tó wọlé síhìn-ín, ó jáde níbì kan. Ilé tó ń gba sùúrù ọmọ fún ọdún 10, kí ni wọ́n kọ sí ojú kejì? Owó oṣù nìkan kò tó. Ohun tí ilé jẹ ọmọ ni pé, lọ́jọ́ tó bá sọ òótọ́ tó máa lé oníbàárà ńlá lọ, ilé á dúró tì í. Ilé tí kò bá lè san gbèsè yìí, kó má pe ara rẹ̀ ní òbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó ń béèrè pé kí o dúró ni tàbí kí o lọ, má kàn wo iye ọdún, má kàn wo ẹni tó gòkè kíákíá. Wo ibi tí ẹni tó sọ rárá wà lónìí. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Rọra béèrè. Ẹni tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé ó ti di máníjà, àbí wọ́n ti gbé e lọ sí igun kan tí ẹnikẹ́ni ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́? Ìdáhùn yẹn á sọ irú ilé tí o wà fún ọ ju ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n kọ sára ògiri lọ.

Má sì dúró de rárá ńlá kí o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tí o bá ka àpò sìmẹ́ǹtì 40 ní sítóò, tí ìwé oníbàárà ní 400, kọ 40. Fi han síníọ̀ rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o wo ohun tó máa ṣe. Tó bá ní “jẹ́ ká padà lọ kà á,” ilé ni o wà níbẹ̀ yẹn, jókòó kí o kọ́ṣẹ́. Tó bá ní “kọ 400, ọ̀gá ti bá wọn sọ̀rọ̀,” ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ti yí padà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ẹni tí kò lè sọ rárá lórí àpò sìmẹ́ǹtì, bóyá ló máa lè sọ ọ́ lórí mílíọ̀nù 52.

Mo mọ̀ pé ilé tí à ń gbé ń gba owó, pé bàbá àti ìyá nílé ń retí nǹkan lópin oṣù. Òótọ́ sísọ máa ń náni ní nǹkan, ó ná Andersen oníbàárà nígbà tí kò tíì ní tó. Ẹbọ ni. Torí náà, múra ẹbọ rẹ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ṣe ìdánwò rẹ parí, torí orúkọ rẹ ló wà lára ìwé ẹ̀rí ICAN, orúkọ ilé-iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Fi owó oṣù bíi mélòó kan pamọ́ síbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jáde láì kú, ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Kí Ifá jẹ́ kí ilé tí a bá dàgbà sí jẹ́ ilé tí a ti lè sọ òótọ́. Kí Èlà má jẹ́ kí a fi orúkọ ohun kan pe òmíràn.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.